Ọ̀rọ̀ Funfun Mẹ́rin

Ọjọ́ Fráídè ni ìyá àgbà mi kú. Ọjọ́ Sátidé ni mo tó gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ funfun ni Asẹ́ pe ikú wọn.

A ti tò síwájú Ilé Asẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tó ti ilé wá sí pupa àti funfun, láti agogo méje àárọ̀, èmi àti Sàlámótù tí a jọ ń gbé yàrá kan, àti àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yòókù. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń pín ọ̀rọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ pupa kì í dúró de ọjọ́ kankan. Bí tìrẹ bá dé, agogo á dún, wọn á sì wá pè ọ́ jáde nínú kíláàsì. N kò tíì gba ọ̀rọ̀ pupa rí láti ọdún méjì tí mo ti wà ní Òkè-Aró, mo sì máa ń dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ètè mi ń mì níbi tí mo dúró sí. Sàlámótù fi ìgúnpá gún mi.

"Ìbíwùmí, o tún ti lọ. Ta lò ń bá wí?"

"N kò bá ẹnì kankan wí. Gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu mi, mò ń tún un tò."

"Gbólóhùn! Lọ́jọ́ tí ọkùnrin bá wá sọ pé òun fẹ́ ọ, wàá ní kó lọ tún un sọ, pé olùwà rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ mu."

Àwọn tó wà níwájú wa rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn tí mò ń tún tò ni èyí tó kẹ́yìn ìwé ìdàgbà mi, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi sọ bí òun ṣe dàgbà nínú iṣẹ́ ìkọ̀wé láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Agogo méjìlá ọ̀sán la gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀. Agogo mẹ́rin la ó fọ sílétì tí a kọ àròkọ àkọ́kọ́ wa sí.

Nígbà tó kàn mí, Bàbá Ṣóyọyè, akọ̀wé Ilé Asẹ́, na káàdì mẹ́rin sí mi láti ojú fèrèsé.

"Mẹ́rin nìyí o! Funfun ni gbogbo wọn. Àwọn ará ilé rẹ mà fẹ́ràn ẹjọ́ o, ọmọ yìí."

Mo kà wọ́n lórí ìdúró. Ìyá mi ló fi gbogbo wọn ránṣẹ́. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Asẹ́ fi lẹ́tà wínníwínní kọ ìdí tí ó fi pè é ní funfun.

Ti ọjọ́ Túsìdeè ní: "Ìbíwùmí, ìyá àgbà ń bèèrè rẹ o." Asẹ́ ní: Ìkíni.

Ti ọjọ́ Wẹ́sìdeè ní: "Ìyá àgbà ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbóhùn rẹ. Wọ́n ní kí o wá kó ìwé inú àpótí, pé tìrẹ ni." Asẹ́ ní: Ìwé kíkó.

Ti Tọ́sìdeè ní: "Ọjà ti ń tú o, ọmọ mi." Asẹ́ ní: Ìròyìn ọjà.

Ti Fráídè ní: "Ìyá àgbà ti sùn, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán." Asẹ́ ní: Oorun ọ̀sán.

N kò sunkún. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tún wọn tò, mo fi ti Fráídè sísàlẹ̀, mo tún mú un wá sókè, bí ẹni pé bí mo bá tò ó síbi tó yẹ, yóò sọ nǹkan mìíràn. Sàlámótù gba káàdì lọ́wọ́ mi. Ó kà á, ó sì yí padà sí fèrèsé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjà wo ni wọ́n ní ó tú yìí?"

"Ọjà Ojú-Omi ìlú yín ni mo rò. Ṣé ọjà kò sí níbẹ̀ ni?"

"Ẹ tún un kà, bàbá. Ẹ̀yin náà lọ́mọ, ẹ̀yin náà ní ìyá."

Bàbá Ṣóyọyè gba káàdì náà. Wọ́n kọ́kọ́ kà á kíákíá, wọ́n sì tún kà á díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ha. Ha, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n a ti sọ fún wọn o. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo èbúté. Kí wọ́n kọ òkú, kí wọ́n kọ àìsàn líle, kí wọ́n kọ jàǹbá. Bí wọ́n bá ti kọ ọ̀kan nínú wọn, ojú ẹsẹ̀ ni Asẹ́ yóò kùn ún ní pupa."

"Ta ni yóò pe ìyá rẹ̀ ní òkú nígbà tó ṣì ń mí?" ni Sàlámótù wí.

"Kí wọ́n tiẹ̀ kọ 'kú' ńkọ́?" ni ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn.

Bàbá Ṣóyọyè mi orí. "A ti yọ ìyẹn kúrò. Ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Asẹ́ dé, ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ojú lọ́nà, gbogbo rẹ̀ ló ń kùn ní pupa. Agogo kò dákẹ́ láti òwúrọ̀. Ìyàwó kan kí ọkọ rẹ̀ pé ó kú iṣẹ́, ọkọ náà sì dákú síbí yìí, níbi tí ẹ dúró sí gan-an. Wọ́n ní kí a yọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọjọ́ mìíràn à bá rín in títí. Bàbá na ìwé sí mi kí n buwọ́ lù ú pé mo ti gba ọ̀rọ̀ funfun mẹ́rin. Mo buwọ́ lù ú. Bí mo ṣe ń lọ, wọ́n nawọ́ jáde ní fèrèsé, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ̀yìn wọn á dára," ni wọ́n wí.

Láti ìgbà tí òkun ti wọ ilẹ̀ wa, tí a ti ń kọ́lé sórí òpó, a kì í tọ́jú ẹni tó bá sùn kọjá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ kí oòrùn tó mú. Nígbà tí mo ń tún gbólóhùn tò níwájú Ilé Asẹ́ ní agogo méje, wọ́n ti ń bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ìyá àgbà mi. Ọkọ̀ kankan kò sì ní kúrò ní Òkè-Aró lọ sí Ojú-Omi títí di ọjọ́ Ajé.

Mo padà sí yàrá, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi. Sàlámótù pọn omi wá, ó ní kí n fi bọ́jú, ó sì fi mí sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí mo bá ní ìbànújẹ́, n kì í fẹ́ kí ènìyàn wò mí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni agogo mẹ́ta yẹn. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán Fráídè, iwájú Míìsì Ògúngbèmí, olùkọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ni mo wà. Mò ń ka ìwé ìdàgbà mi fún wọn kí n tó fi lélẹ̀. Nígbà tí mo dé ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, tí mo kà pé, "Ohùn ìyá àgbà mi ló wà lẹ́nu mi nígbà tí mo wọlé síbí, tèmi ni mo ń gbé jáde," Míìsì gbé ọwọ́ lé àyà. Wọ́n ní, "Ìbíwùmí, o ti dé." Inú mi dùn débi pé mo sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mò ń sáré nígbà tí wọ́n ń pa ojú ìyá àgbà mi dé.

Ìyá àgbà mi ní àpótí páànù kan tí ìwé ìtàn kún inú rẹ̀. Nígbà tí omi kọ́kọ́ gba ìlú ńlá, tí ilé ìkàwé ibẹ̀ rì dé àjà kejì, àwọn ènìyàn ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù àti àga sá lọ. Ìyá àgbà mi, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, gbé ìwé. Ìwé mọ́kàndínláàádọ́rin ni, àwọn kan ní Yorùbá, èyí tó pọ̀ jù ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó wọn sínú àpótí páànù, wọ́n sì gbé e lérí nínú omi tó dé wọn láyà. Nígbà tí wọ́n bí mi, ojú wọn ti fọ́. Wọn kò lè kà wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń yá gbogbo ará Ojú-Omi ní ìwé. Bí o bá yá ìwé, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o bá dá a padà: kí o jókòó, kí o sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní olùkọ́ kankan kí n tó dé Òkè-Aró. Bí n kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń mú un lọ sọ́dọ̀ wọn bí ẹni mú ẹja tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ apẹja. Wọ́n á ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á rò ó, wọ́n á sì sọ fún mi. Ìgbà mìíràn wọ́n máa ń ṣì í. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé Míìsì ló tún wọn kọ́ mi ní ọdún tó kọjá, ojú sì ń tì mí fún bí mo ṣe ń lò wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní sílétì kan, gíláàsì pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Wọ́n ní kí a kọ àròkọ àkọ́kọ́ sí i: "Ta ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà?" Ohun tí o bá kọ́kọ́ kọ sórí sílétì yóò rì sísàlẹ̀. Kò sí bí o ṣe lè rí i mọ́ títí di ọjọ́ ìfọ̀, nígbà tí omi bá kàn án kí a tó fọ̀ ọ́ nù. Mo mọ̀ pé nípa ìyá àgbà mi ni mo kọ tèmi. Mo mọ̀ pé mo kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sínú rẹ̀, nítorí pé ní ọdún náà, n kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn í kọ. Lórí rẹ̀ ni Míìsì ti fún mi ní àmì tó kéré jù nínú kíláàsì. Wọ́n ní òjò kì í ní ẹsẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ pé ebi ń pa ènìyàn bí ẹni pé ebi mú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Mo yí káàdì funfun mẹ́rin náà padà, mo mú kálámù, mo gbìyànjú láti kọ àròkọ náà sẹ́yìn wọn láti inú orí mi. Mo ní bí mo bá lè rántí rẹ̀, mo lè fọ sílétì ní agogo mẹ́rin láìsí ìrora. Mo kọ káàdì kan kún. Mo kà á. Ó dára púpọ̀. Mo fi àga sínú yàrá kí ìyá àgbà tó jókòó sórí rẹ̀, bí Míìsì ṣe kọ́ wa. Mo yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. N kò sọ pé inú ẹnì kankan bàjẹ́. Mo jẹ́ kí ọwọ́ wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó sórí àga yẹn kì í ṣe ìyá àgbà mi. Obìnrin kan láti inú ìwé ni, ẹnu rẹ̀ tọ́, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan lò.

Mo fa igi sí i. Mo tún un kọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ burúkú. Èyí sì tún burú jù, nítorí pé burúkú tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kò rí bíi ti àìmọ̀. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà tó tọ́, kò gbà kí n ṣìnà mọ́. Mo ti dàgbà lóòótọ́. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́, mo sì rí i pé ìdàgbà ọ̀hún ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn.

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo méjìlá lù, mo gbé ìwé ìdàgbà mi lọ sí ọ́fíìsì Míìsì Ògúngbèmí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, irun wọn ti funfun, ìwé mẹ́rin tí wọ́n kọ fúnra wọn sì wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn wọn. Sàlámótù ti ṣáájú mi débẹ̀. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n dìde nígbà tí mo wọlé, ohun tí olùkọ́ kì í ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́.

"Jókòó, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rin, mà."

"Wọ́n dàgbà. Wọ́n sì fi irú rẹ sílẹ̀." Wọ́n gba ìwé ìdàgbà lọ́wọ́ mi, wọn kò ṣí i. "Mo mọ ohun tí o fẹ́ béèrè. Mo ti pe Ìgbìmọ̀ Òǹkọ̀wé lórí rẹ̀. Wọn kò lè sún ìfọ̀ síwájú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wá."

"Bí mo bá ní n kò fọ̀ ọ́ ńkọ́, mà?"

Wọ́n gbé ìwé ìdàgbà náà kalẹ̀ lórí tábìlì.

"O mọ òfin. Wọn yóò fi ọ̀dà dí etí sílétì náà. Àwọn ènìyàn lè kà á, ṣùgbọ́n ìwọ kò lè kọ nǹkan kan sí i mọ́ láé, wọn kò sì ní fún ọ ní òmíràn. Ẹni kan, sílétì kan. Kò ní sí ìwé àṣẹ òǹkọ̀wé. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ kọ fún aráyé, ẹ̀rọ ni yóò máa bá ọ kọ ọ́, orúkọ ẹ̀rọ ni yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bíi ti gbogbo ènìyàn."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"O kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò tíì bí ọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ gbogbo nǹkan. Èmi wà níbẹ̀. Ìwé kún ìgboro, kò sì sí ẹni tó lè nawọ́ sí gbólóhùn kan kó ní, tèmi nìyí. Ọmọ ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀, ìyá ń fèsì, àwọn méjèèjì kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni a ṣe ṣòfin Ohùn Kan. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ òǹkọ̀wé, kó fi hàn pé kò sí ohùn ẹlòmíràn lẹ́nu òun. Kì í ṣe ìkà la fi ṣe é."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà, mà."

"Ìyá àgbà rẹ fúnra wọn ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fẹ́ fún ọ?"

Èyí ni ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti àárọ̀. Ìyá àgbà mi fẹ́ kí n kọ ìwé. Nígbà tí mo ń bọ̀ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n fọwọ́ wá inú àpótí náà, wọ́n ti àwọn ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì mú ìka mi wọ àlàfo tó ṣẹ́kù. Wọ́n ní, "Ibi tí tìrẹ yóò wọ̀ nìyí. Mo ti ṣe ààyè." Mo sọ ọ́ fún Míìsì bó ṣe rí.

"Ó dára," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "O ti gbọ́ ìdáhùn rẹ nìyẹn. Fọ̀ ọ́, kí o kọ ìwé náà. Mo fọ tèmi ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ àwọn wọ̀nyí." Wọ́n fọwọ́ sí ìwé mẹ́rin náà láìwo ẹ̀yìn.

"Ta ló wà nínú tiyín, mà?"

Wọ́n wo ojú fèrèsé, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tò àga sínú gbọ̀ngàn.

"Ìyá mi ni mo rò," ni wọ́n wí. "Tàbí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́."

Lórí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sára òkúta: Ẹni tí yóò fọhùn, kó kọ́kọ́ fọ ohùn. Mo ti kọjá lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún méjì. Ní ọ̀sán Sátidé yẹn ni mo tó ronú pé ohùn kì í ṣe aṣọ.

Ọjọ́ ẹ̀rín ni ọjọ́ ìfọ̀ máa ń jẹ́. Bàsíà omi kan wà lórí tábìlì. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, Míìsì dúró sí èkejì. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, wàá fi etí sílétì kan omi, àròkọ àkọ́kọ́ rẹ á sì jáde sójú gíláàsì. Wàá kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́ bí o ṣe gọ̀ tó nígbà náà. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín, wàá wá ti gbogbo sílétì wọ inú omi. Tí o bá yọ ọ́, ó ti mọ́ gaara. Wàá gbé e sókè, wàá ní, "Ohùn mi ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn," wọn á sì pàtẹ́wọ́.

Sàlámótù ṣe tirẹ̀ ṣáájú mi. Ó ti kọ ọ́ nígbà náà pé ìbákà bàbá òun ló kọ́ òun ní ìwé, nítorí pé ìbákà náà ni ó máa ń tẹ́tí sí òun. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn ìgbìmọ̀. Ó fọ̀ ọ́. Bí ó ṣe ń padà bọ̀, ó wo ojú mi, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo fi etí sílétì kan omi.

Ó jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi ẹsẹ̀ Yorùbá rìn. Bí mo ṣe ń yí i padà síbi tó ti wá fún yín nísinsìnyí, n kò rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo kà fún wọn nìyí:

"Orúkọ mi ni Ìbíwùmí, ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi ń pè mí ní Àwẹ̀ró, ìyẹn ẹni tí a wẹ̀ tí a sì ró láṣọ."

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dà bí ẹni pé òkú ni mí. Mo ń kà á lọ.

"Ìyá àgbà mi ni wọ́n kọ́ mi ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran. Bí o bá yá ìwé lọ́wọ́ wọn, ìwọ yóò padà wá sọ ọ́. Bí o bá parọ́, etí wọn yóò gbóòórùn rẹ̀. Wọn yóò ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, ibẹ̀ kọ́ ni ọkùnrin yẹn ti sunkún. Padà sẹ́yìn, o ti fo odò kan.'"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Etí tó ń gbóòórùn! Ẹnì kan lu àga. Ìyá àgbà mi ìbá fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa fi àwọn rẹ́rìn-ín.

"Ní ọjọ́ kan, òjò ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé orí omi. Mò ń sọ ìtàn kan fún wọn. Ìyá kan kú nínú ìwé náà. N kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, nítorí pé wọ́n ti darúgbó. Mo fo ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní, 'Àwẹ̀ró, ìyá yẹn ńkọ́?' Mo ní, 'Ó ti sùn.' Wọ́n fọwọ́ wá mi títí wọ́n fi rí orí mi. Wọ́n ní, 'Ó dára bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí a má baà jí i.'"

Ibẹ̀ ni àròkọ náà parí sí. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mo ti jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi láàárọ̀ pẹ̀lú kálámù, kò sì wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Sàlámótù dìde, ó yíjú sí wọn, ó fi ìka lé ètè. Gbọ̀ngàn náà sì dákẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Omi inú bàsíà dúró jẹ́ẹ́. Mo ronú nípa àlàfo inú àpótí páànù yẹn, ibi tí wọ́n ti ìka mi wọ̀. Mo rò ó dáadáa. Mo rí ìwé mi níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, orúkọ mi lára rẹ̀, ìwé tó mọ́ gaara, tí gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ tọ́. Mo wá a láti ojú ewé kìn-ín-ní dé òpin, n kò sì rí ìyá àgbà mi níbì kankan nínú rẹ̀. Ọgbọ́n tí mo kọ́ níbí wù mí. N kò ní purọ́ pé kò wù mí. Mo fẹ́ ìwé yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ ṣe àmì sí bàsíà. "Ọmọ wa, a ń dúró dè ọ́."

Mo bọ́ ìborùn ọrùn mi. Mo fi nu omi tó wà létí sílétì náà, mo sì fi ró o, mo pọ̀n ọ́n mọ́ra dáadáa bí a ti ń ró aṣọ fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ojú Míìsì Ògúngbèmí ti pọ́n. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n sọ̀rọ̀ kí àwọn ìgbìmọ̀ má baà gbọ́.

"Ìbíwùmí, jọ̀wọ́. Ìwọ lo dára jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́."

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo wí. Ohùn mi kò ga. N kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní fọ̀ ọ́, Míìsì. Ẹ bá mi fi ọ̀dà dí i. Mò ń gbé wọn lọ sílé."